Bàbá, Ẹran Tí Mo Dúḿbú Lórí Òkè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin Bàbá mi. Láti ibi tí yìnyín ti bo òrùlé mọ́lẹ̀ ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, orúnkún mi méjèèjì sì wà nílẹ̀ ní tòótọ́, ẹ má rò pé ẹnu lásán ni. Màmá, ẹ kú oòrùn Ìdúmàgbò, ẹ kú àdúrà. Ẹ̀gbọ́n mi Múfútàù, ẹ kú iṣẹ́ ìsọ̀, ẹ kú àpọ́nlé tí n kò tọ́ sí. Ẹ̀yin ìyá àgbà agbo ilé wa lẹ́yìn Ìga Ọba, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bínú pé n kò dárúkọ.

Mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Fọ́tò yẹn ló fà á. Màmá sọ fún mi lórí fóònù pé Ẹ̀gbọ́n Múfútàù ti tẹ̀ ẹ́ ní gbàgàdà, ó ti fi gíláàsì sí i, ó sì ti gbé e kọ́ sókè ìwọ̀n ní ìsọ̀ yín, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá wá ra ẹran, ẹ ó kọ́kọ́ ní kó gbójú sókè wo ohun tí ọmọ yín pa ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n Múfútàù fúnra wọn ti ń pè mí ní Ìyá Ọdẹ. Wọ́n ní ṣé kìnnìún ló kàn, àbí kí àwọn wá bá mi gbé àpò.

Bàbá, ìbọn yẹn kì í ṣe tèmi. N kò yìnbọn rí. Àgbọ̀nrín tí ẹ rí lẹ́sẹ̀ mi, òkú ni mo bá a. Wọ́n ní kí n gbá ìbọn mú, mo gbá a mú. Wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Mo fi ránṣẹ́ sílé nítorí pé n kò ní nǹkan mìíràn tí mo lè fi ránṣẹ́. Ṣé fọ́tò ìdánwò tí n kò gba ìdajì nínú rẹ̀ ni ǹ bá fi ránṣẹ́ ni? Ohun tí mo purọ́ rẹ̀ ní gbangba, ní gbangba ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo tún ní ìbéèrè kan, òun gan-an ló ń dà mí láàmú. Ẹran kan wà nínú firísà ilé tí mo ń gbé. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tó ti wà níbẹ̀. Èmi ni mo dúḿbú rẹ̀, èmi tí ẹ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀bẹ rí. N kò tíì jẹ ẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi bóyá ó mọ́ tàbí kò mọ́. Ẹ jẹ́ kí n ro bó ṣe jẹ́, kí ẹ lè dá ẹjọ́ rẹ̀ dáadáa.

Ilé tọkọtaya kan ni ilé-ìwé fi mí sí ní Mọ̀ntánà níbí, Mísítà Díìn àti ìyàwó rẹ̀. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n. Ibi yìí tutù débi pé irun imú ènìyàn máa ń dì. Kò sí ẹni tó ń pe ìrun. Fóònù ló máa ń pè é fún mi, màá sì tètè pa á kí n má dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo máa ń wà láàárín igba akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì, kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn sì ṣú láìjẹ́ pé ẹnì kan pe orúkọ mi. Iṣẹ́ Mísítà Díìn ni pé ó máa ń mú àwọn olówó gun orí òkè lọ láti pa àgbọ̀nrín àti ẹ́líkì. Bí àgbọ̀nrín ni ẹ́líkì rí, ṣùgbọ́n ó tóbi tó màlúù, ìwo akọ rẹ̀ sì yọ ẹ̀ka bí igi tí ewé ti wọ́ dànù lórí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń se oúnjẹ fún wọn nínú àgọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí a gba ìsinmi, ìyàwó yìí yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Wọ́n bi mí bóyá mo lè sè fún ọjọ́ márùn-ún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi kì í lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Oníbàárà ọ̀sẹ̀ yẹn, dókítà tó ń tọ́jú eyín ni, ó wọ bàlúù wá láti ìlú ńlá kan. Bàbá, n kò tíì rí irú ìyà tí ènìyàn ń fi owó rà fún ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó wọ aṣọ tí wọ́n ya ewé sí láti orí dé ẹsẹ̀ kí ẹran má baà rí i, ó wá gbé ẹ̀wù tó pọ́n bí ọsàn wọ̀ lé e lórí kí ènìyàn lè rí i. Òfin ló ní kó wọ ìkejì. Ta ló ní kó wọ ìkíní? Ó gbé ìgò kékeré kan jáde nínú àpò, ó ń fín in sára bàtà rẹ̀. Mo rò pé lọ́fínńdà ni. Mísítà Díìn ní ìtọ̀ abo ẹ́líkì ni, wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ìtọ̀, Bàbá! Nínú ìgò, pẹ̀lú ìdérí! Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí aláìsàn fi ọwọ́ tí kò fọ̀ kan àga rẹ̀ ló ń fi ìtọ̀ ẹran para. Ó tún ní fèrè kan tó fi ń ké bí akọ ẹ́líkì. Mísítà Díìn rọra sọ fún un pé àkókò igbe yẹn ti kọjá láti bí oṣù kan ààbọ̀. Dókítà ní òun ti fowó rà á. Ó sì ń fọn ọ́n lọ láàárọ̀, bí ewúrẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há sí gọ́tà.

Ní ọjọ́ kìíní ló pa àgbọ̀nrín inú fọ́tò. Ó ní kékeré ni, ìwo rẹ̀ kò tó gbé kọ́ ògiri, ìyẹn ló fi gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́ fi ṣeré. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: nítorí pé ẹran náà kò tó nǹkan lójú rẹ̀ ni mo ṣe di ọdẹ. Wọ́n la inú rẹ̀, wọ́n sì da ṣàkì, ẹ̀dọ̀, fùkù àti ìfun sórí yìnyín fún ẹyẹ ìwò. Mo dúró, mò ń wò ó. Mo rántí iye òwúrọ̀ tí mo fi fọ ṣàkì ní ìsọ̀ yín, tí àwọn oníbàárà yóò máa jà lé e lórí kí n tó fọ̀ ọ́ tán. Mo bi dókítà bóyá kí n kó o sè. Ó fa ojú ro bí ẹni tí mo fi ìgbẹ́ lọ̀.

Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, wọ́n ní kí n bá wọn lọ kí n lè ran ẹṣin lọ́wọ́ gbé ẹran sọ̀kalẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ ìdáná sínú àpò oúnjẹ, èyí tí mo fi ń gé búrẹ́dì. Ojú rẹ̀ ti kú nígbà tí mo bá a, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé n kò lè rí ọ̀bẹ tó kú kí n sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo pọ́n ọn ní ìdí àwo tánganran títí ó fi lè gé irun.

Dókítà eléyín rí akọ ẹ́líkì kan níwájú. Jíjìn rẹ̀ tó láti ẹnu Ìga dé òpin òpópónà. Ó yìnbọn lù ú. Ikùn ló bá. Ẹran náà rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ lọ, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi. Mísítà Díìn ní kí a jókòó, pé tí a bá lé e yóò tún sá lọ, kí a jẹ́ kó kú síbẹ̀. Èyí ní ọgbọ́n nínú, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n Bàbá, ọkùnrin yẹn mú ṣokoléètì jáde, ó ń jẹ ẹ́. Ó ń sọ fún mi nípa ògiri tí yóò gbé orí rẹ̀ kọ́ sí, pé òun ti yọ fọ́tò àwọn ọmọ òun kúrò níbẹ̀.

Ó tó bí ìṣẹ́jú ogójì kí a tó dé ibẹ̀. Ẹran náà kò tíì kú. Ó kúnlẹ̀ bí ẹni tó wà lórí ìrun, ó ń mí, èéfín ń jáde nímú rẹ̀. Mísítà Díìn gbé ìbọn sókè kó parí rẹ̀. Dókítà eléyín dá a dúró. Ó ní ọta kejì yóò ba awọ jẹ́, kí a fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, pé òun fẹ́ ya fídíò. Ẹran náà wá yíjú, ó sì wò mí.

Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ìyà ẹran wà lọ́rùn alápatà tí kò tètè. Ẹ máa ń sọ pé kí ẹran má rí ọ̀bẹ, kí ó má sì rí ikú èkejì rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo yọ ọ̀bẹ búrẹ́dì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gbà, mo fi ẹ̀gbẹ́ ara mi bo ọ̀bẹ. Mo gbá ìdí ìwo rẹ̀ mú. Mo wí pé Bísímíláì, Àláhù àkíbárù, mo sì fa ọ̀bẹ lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé orí lé itan mi, ó sì dákẹ́.

Igbe tí mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà, mo rò pé ẹni kan ló já sínú àfonífojì. Awọ ọrùn ni dókítà eléyín ń ké lé lórí! Àwọn tó máa ń gbé orí ẹran kọ́ ògiri, láti èjìká lọ sókè ni wọ́n ti ń lo awọ, kò sì gbọdọ̀ ní ojú ọ̀bẹ níwájú ọ̀fun. Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Ọmọ alápatà Ìsàlẹ̀ Èkó wo ló máa mọ̀ pé ẹni kan wà láyé tó máa pa ẹran nítorí awọ, tí kò ní sè é ní pọ̀nmọ́? Ó bú mi. Ó ní ìwà òǹrorò ni mo hù, pé bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbi tí mo ti wá. Òun tó fi ogójì ìṣẹ́jú jẹ ṣokoléètì! Ó ní kí Mísítà Díìn lé mi kúrò ní àgọ́, kí n sì bẹ òun kí n tó lọ.

Ojú ń tì mí láti kọ èyí: mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ nínú yìnyín, bí màá ṣe kúnlẹ̀ fún yín. Mo ní kó má bínú nítorí awọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní kí n sọ pé kò yẹ kí n fọwọ́ kan ẹran náà rárá, ẹnu mi kò gbé e. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo sì dìde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu mi máa sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mísítà Díìn fi ọkọ̀ gbé mi sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé ló ní bàbá bàbá òun náà máa ń fi ọ̀bẹ parí ẹran, pé òun ti gbàgbé. Dókítà eléyín kò mú ẹran kankan lọ, ìwo nìkan ló gbé. Mísítà Díìn ní kí n mú ibi tó bá wù mí, mo sì mú ọrùn. Òun ló wà nínú firísà. Lójoojúmọ́ ni ìyàwó rẹ̀ ń bi mí ìgbà tí a máa sè é, màá sì ní mò ń retí ọ̀rọ̀ bàbá mi.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Ọta ìbọn ti wọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tó pe orúkọ Ọlọ́run sí i. Ṣé òkúǹbete tí a kò gbọdọ̀ jẹ ni? N kò mọ ibi tí Kíbílà tí à ń kọjú ẹran sí wà lórí òkè yẹn. Obìnrin sì ni mí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, mo ní kí ẹ kọ́ mi, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ọwọ́ obìnrin, ṣàkì ni yóò fọ̀. Mo fọ ṣàkì. Ṣùgbọ́n ojú mi kò sí lára ṣàkì ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Bàbá. Ọwọ́ yín ni mò ń wò.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ báyìí ni mo ń rí i padà. Ẹran náà ń mí nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo pe orúkọ Ọlọ́run. Ọ̀nà èémí, ọ̀nà oúnjẹ, iṣan ọrùn méjèèjì, gbogbo rẹ̀ ni mo gé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fa ọ̀bẹ, n kò gbé e kúrò. Ẹ̀jẹ̀ sì dà bó ṣe yẹ kó dà. Mo ti gbé ẹran náà jáde nínú firísà kí n tó dé ìlà yìí. Nígbà tí lẹ́tà yìí yóò fi dé ọwọ́ yín, yóò ti wọ inú mi.

Tí mo bá ṣì í, ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Tí n kò bá ṣì í, ẹ yọ fọ́tò yẹn lókè ìwọ̀n, ẹ jẹ́ kí ìṣó rẹ̀ dúró, kí ẹ gbé ọ̀bẹ kan kọ́ síbẹ̀ dè mí.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ̀mí yín gùn, yóò sì jẹ́ kí apá yín máa ká iṣẹ́. Màmá, a ó fojú kan ara wa láyọ̀. Kí ẹ bá mi kí ará Ìdúmàgbò, kí ẹ kí àwọn ìyá àgbà, kí ẹ sì sọ fún Ẹ̀gbọ́n Múfútàù pé kí wọ́n pọ́n ọ̀bẹ náà dáadáa.

Èmi ni ọmọ yín,
Rùkáyátù, ọmọ alápatà