Rọ́bà Bíréèkì Tó Sán

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dárúkọ mi. Fìdítì ni mo wà.

Rọ́bà tó ń gbé epo bíréèkì mọ́tò wa ti sán. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi èyí tí wọ́n fi wáyà hun bò ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ mi, tó jẹ́ tíṣà, fẹ́ ẹ gan-an. Mẹkáníìkì wa ní kò gbà, ó ní, “Tíṣà, ẹ ra rọ́bà lásán. Tó bá sán, ẹ ó rí i. Ẹni tó wẹ̀wù irin, ta ló rí egbò ara rẹ̀?”

Wọ́n ń jiyàn lọ, a ṣì ń lo èyí tó sán. Láàárọ̀ àná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ mi tẹ bíréèkì kí mọ́tò tó dúró, àwọn ọmọ mi wà lẹ́yìn.

Mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò pamọ́. Ẹ gbà mí, èwo ni ká lò? Ẹ má bi mí níbi tó wà o. Ọkọ mi ń gbọ́ yín.