Ògì Mi Kọ́ Ló Ń Mú Àwọn Ọmọ Yẹn Sùn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìyá ọkọ mi ń fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ lóògùn mu kí wọ́n lè sùn. Ẹ ò rí i, mo ti sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti fojú ara mi rí i, mi ò fẹ́ fojú kan ògì mọ́, bẹ́ẹ̀ ògì gan-an ni mò ń tà... Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó bú mi.

Ìkòsí ni mo ti ń ṣe ògì lẹ́búlẹ́bú tí a pò mọ́ soya, tí mò ń dì sínú nylon fún àwọn ìyá tí kò ráyè sẹ́ ògì. Ìyá ọkọ mi, Mummy ni gbogbo wa ń pè wọ́n, ní crèche nínú ilé wọn ní Kétu, àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ní Island máa ń gbé ọmọ wọn síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ògì mi ni Mummy ń fún àwọn ọmọ náà, Mummy náà ló sì ń bá mi tà á fún àwọn ìyá wọn, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ọjà wá ń gbèrú, mo ní ó yẹ kí n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ, tó máa bá mi kọ ọ̀rọ̀ sára nylon, tó máa kọ handbill, bóyá ká tiẹ̀ ṣe jingle fún rédíò. Wọ́n júwe ọ̀gbẹ́ni kan fún mi ní Ojota. Mo rò pé màá kàn sọ orúkọ ọjà mi ni, kó máa kọ ọ́ lọ. Ó ní rárá o, kí n kọ́kọ́ lọ múra sílẹ̀, kí n lọ bá àwọn tó ń rà á, kí n bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, kí n sì mú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wá bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Mo rìn káàkiri. Àwọn tó ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù mi ní kì í kan jù, kì í ní kókó, ọmọ ń yó. Ó tán. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ Mummy, oorun ni wọ́n ń sọ. Oorun, oorun, oorun! Ìyá kan tó ń gbé Magodo, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ní ọmọ òun kì í yọ òun lẹ́nu mọ́ tí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, pé tí òun bá ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ gan-an, ó ti sùn lọ nìyẹn... ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ògì kan náà kọ́ ni? Kí ló dé tí ti ṣọ́ọ̀bù mi kì í kun ọmọ lóorun? Mi ò tiẹ̀ rò ó débẹ̀, inú mi ń dùn ni. Nígbà tí mo rò ó fún ọ̀gá akọ̀wé yẹn, ó lu tábìlì, ó ní a ti rí i, pé ohun tí gbogbo ìyá ń wá nìyẹn, pé ohun tí a máa kọ sára nylon ni: Ọmọ sùn, ìyá sinmi. Ó ní ó ku ẹyọ ohun kan, kí n lọ wo bí Mummy ṣe ń sè é, ká lè kọ ọ́ sẹ́yìn nylon fún àwọn tó bá fẹ́ sè é nílé.

Ọ̀sán gangan ni mo débẹ̀, mi ò pè wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọmọ kún pálọ̀, kò sì sí ariwo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, ṣé ẹ ti rí irú ẹ̀ rí? Wọ́n tò wọ́n sórí ẹní, ẹnu wọn là sílẹ̀, itọ́ ń dà, eṣinṣin bà lé ọ̀kan létè, kò mira rárá. Mo kọjá sí kíṣìnì. Mummy ń da òògùn ikọ́ ọmọdé, èyí tó máa ń kun èèyàn lóorun, sínú àwọn ife ògì tí wọ́n fẹ́ fún wọn tí wọ́n bá jí, wọ́n ń rò ó, wọ́n ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́jẹ́... orin yẹn ló ń rí mi lára jù. Wọn ò tiẹ̀ fi pamọ́ fún mi! Wọ́n ní ta ló lè mójú tó ọmọ rẹpẹtẹ báyìí tí wọn ò bá sùn, pé ṣebí bí àwọn ṣe tọ́ ọkọ mi náà nìyẹn, ṣé ó ya wèrè ni? Wọ́n tún ní kí n má ya aláìmoore, ṣé mo rò pé adùn ògì mi ló ń tà á ni. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà tèmi ló wá ń fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ orí ọmọ.

Mo sọ fún ọkọ mi, mo rò pé á bínú. Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé òògùn ikọ́ ni, kì í ṣe májèlé, ó sì ń jẹun rẹ̀ lọ. Mò ń wo ẹnu ẹ̀ bó ṣe ń rún oúnjẹ, ó rí mi lára. Ọmọ tiwa ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Mummy ló wà títí tó fi bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Kò tètè rìn. Kò tètè sọ̀rọ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í yọni lẹ́nu, èmi sì ń kúnlẹ̀ kí wọn pé ẹ ṣé Mummy, ẹ kú ìtọ́jú... Mi ò mọ̀ bóyá òògùn yẹn ló fà á, ta sì ni mo fẹ́ bi?

Ọ̀gá akọ̀wé ti fi text ránṣẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ ti délẹ̀, ẹnu mi nìkan ló ń retí. Mi ò ní jẹ́ kó kọ irọ́ yẹn, ìyẹn dá mi lójú. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn ni mi ò mọ bí màá ṣe ṣe. Tí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á kó ọlọ́pàá wá bá ìyá ọkọ mi, ọkọ mi sì ti ní ọjọ́ tí mo bá lanu ni kí n kó ẹrù mi. Oyún sì wà nínú mi báyìí. Lánàá ni Mummy wá kí mi, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi níkùn, wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, àwọn ti ra ẹní tuntun sílẹ̀ de eléyìí náà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Báwo ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀? Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn o, torí tó bá di Monday, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn obìnrin yẹn á tún kan géètì, wọ́n á gbé ọmọ wọn lé Mummy lọ́wọ́, wọ́n á sì kúnlẹ̀ dúpẹ́.