Ta Ló Wọn Ríìmù?

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Nínú 400,000 tí ẹ fi ránṣẹ́ fún mọ́tò asáré tí Àbíkẹ́yìn àbúrò wa ń tún ṣe, ríìmù mẹ́rin gba 340,000, mẹkáníìkì gba 40,000, ó ku 20,000.

Gbogbo ilé kí yín, a kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Ìyá ti sàn, wọ́n ti ń dá gun àtẹ̀gùn.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Ríìmù tí Àbíkẹ́yìn kọ́kọ́ rà fi íńṣì kan fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dè é, táyà yọ síta bí eyín gan-n-gan, ó sì ń ha ara mọ́tò. Mo mú rúlà, mo ní: "Mìlímítà 25 péré ni àyè tó wà níta kí táyà tó kan ara mọ́tò. Tìrẹ yìí fi 36 jáde."

Ó ní: "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun kẹ̀kẹ́?"

Èmi oníkẹ̀kẹ́ náà ni mo lọ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó fẹ̀ bákan náà, àmọ́ tó wọ inú díẹ̀ sí i. 23 ló fi jáde. Kò ha mọ́.

Àbíkẹ́yìn ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní: "Ọmọ mi, o mọ mọ́tò!" Ìyá gbé fóònù yẹn káàkiri ilé. Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú ìyá kan náà kọ́ ni mo ti jáde ni?

Ọlọ́run á mú yín bọ̀ láyọ̀. Tẹ́ ẹ bá tún pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ ẹni tó wọn ríìmù, kẹ́ ẹ sọ ọ́ sókè. Owó ìpààrọ̀ jẹ́ 32,000. Mo san 20,000 tó kù, mo fi 12,000 tèmi kún un. 12,000 yẹn ṣì wà lọ́rùn yín.

Àbúrò yín, oníkẹ̀kẹ́.