Àgbò Wa Tó Di Mínísítà

Disa ọmọ mi,

Ṣé ara le ní Helsinki níbẹ̀? Àwa ní erékùṣù Getskär wà, orókún mi nìkan ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tí o fi ń yàwòrán rọ, kò sì ní jẹ́ kí òtútù wọ yàrá kótópó tí o ń gbé. Ẹja pọ̀ nínú omi lọ́dún yìí, Elof aládùúgbò wa sì ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ Sigge àgbò wa ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Gbogbo Sátidé ni mò ń rí i nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí o ń yà sínú ìwé ìròyìn. O so táì mọ́ ọn lọ́rùn, o pè é ní mínísítà, o ní kó máa ṣọ́ ọgbà, òun náà ló sì ń jẹ ọgbà ọ̀hún. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, ohun tó fi kábéèjì mi ṣe nìyẹn. O ní mínísítà ètò ìnáwó lò ń bá wí, èmi ò mọ ọ̀gbẹ́ni yẹn, Sigge ni mo mọ̀, ìwo òsì tó kán yẹn kò ṣeé sẹ́. Ohun tí kò yé mi ni pé o sọ ọ́ di mẹ́ta, ọ̀kan nínú àpótí àwòrán kọ̀ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan la ní, kí àwọn ará Helsinki má lọ rò pé a lówó. Èyí tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, mo gbé e síwájú Sigge kó lè rí ara rẹ̀, ó fẹ́ jẹ fóònù.

Wàhálà wá dé. Rurik Öhman, alága káńsù wa, tó fẹ́ ta ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa lọ sí ìlú kó lè fi owó ẹ̀ kọ́ ọ́fíìsì tuntun, fi ìbínú wọlé tọ̀ mí wá. Ó ní Màmá Disa, kí lòun fi ṣe ọmọ yín? Ó ní táì òun nìyẹn, àgbọ̀n òun nìyẹn, ó ku kí o kọ orúkọ òun sí i. Mo ní Rurik, jókòó, mu kọfí, àgbò mi ni. Kò gbà, ni mo bá fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé àgùntàn. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Elof tó fara ti géètì ní òun ò kíyè sí i tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Rurik ò rẹ́rìn-ín.

Ó wá rọra bi mí pé kí ni àgbò náà máa jẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ò mọ irọ́ pa, mo ní mo ti sọ fún ọ lórí fóònù pé ó sá lọ sí èbúté, ó rún okùn ọkọ̀ wa jẹ, díẹ̀ ló kù kí omi gbé ọkọ̀ lọ. Ó ní ṣé ìyẹn náà á jáde? Mo ní ọmọ mi kì í fi ìròyìn falẹ̀.

Ó jáde lóòótọ́. Nígbà tí káńsù jókòó, Rurik fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ nawọ́ pé kí wọ́n má ta ọkọ̀, ó ní láti kékeré lòun ti fẹ́ràn ẹ̀. Mo sunkún ayọ̀, torí láìsí ọkọ̀ yẹn mi ò lè dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìwọ náà ò sì ní lè wálé Kérésì. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì fọwọ́ sí i, ìpàdé kan ṣì kù kí yìnyín tó bo omi. Ní báyìí, Rurik kì í kọjá láìbéèrè Sigge. Ó ń mú kárọ́ọ̀tì wá fún un, ó sì ní kí n sọ fún ọ pé òun ti pààrọ̀ táì.

Disa, Sigge ti kú. Ogbó ló pa á, Ọjọ́bọ̀ ló ṣubú. A ò lè jẹ́ kó ṣòfò, èmi àti Elof fi kábéèjì sè é, kábéèjì náà gbẹ̀san. Rurik ò mọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gba kárọ́ọ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ara àgbò ò yá, kò fẹ́ àlejò.

Jọ̀ọ́, fi owó àgbò mìíràn ránṣẹ́. Má gba báńkì, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn tiwa pa, mi ò mọ ibi tí owó á gbà wọlé. Elof ní òun á fi ayùn gé ìwo òsì.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi. Á fún ọ ní ẹ̀mí gígùn, á sì fún àgbò inú ìwé ìròyìn yẹn náà, ó kéré tán títí wọ́n á fi fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Ìyá rẹ,
Gerda