Ẹ̀mú Tó Sọnù Sínú Apá Bàálù

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta, 1941

Mi ò rí ẹ̀mú mi. Mo tú àpò aṣọ iṣẹ́, mo wá abẹ́ tábìlì, mo wo inú bàtà pàápàá. Apá bàálù méjì ni mo bá wọn fi aṣọ pa dé ní ilé iṣẹ́ wa lónìí: ti bàálù keje láàárọ̀, ti ìkẹjọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀mú náà ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí a parí ìkeje — mo rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ran aṣọ bo apá ìkẹjọ, wọ́n ti kùn ún lọ́dà. Inú ibẹ̀ ni wáyà tó ń darí bàálù gbà kọjá. Bí ẹ̀mú bá há wáyà yẹn mọ́ lókè, awakọ̀ ò ní lè yí i mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀ lára pákó, tòun ti nọ́mbà. Tèmi ni 41. Lójoojúmọ́ ni Stobbs, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀dì wa — Imú Tòmátì ni mò ń pè é nínú ìwé yìí — máa ń wò wọ́n kí á tó lọ sílé. Lánàá, ọ̀fìnkìn dá a dúró sílé, orí ló kó mi yọ. Lónìí mo mú ẹ̀mú bàbá mi olóògbé wá, mo fi ìṣó ha 41 sí i lára, mo gbé e kọ́. Imú Tòmátì kọjá. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, 5

Ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan ní ṣẹ́ẹ̀dì kejì. Fáìlì tí a fi ń ha irin ló sọ nù. Wọ́n ń bi í bóyá àwọn Jámánì tí a ń bá jagun ló rán an láti ba bàálù jẹ́. Mo ti fẹ́ sọ tèmi tẹ́lẹ̀. Mo gbé e mì.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ìkeje fò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ ní àríwá. Ó gbéra wẹ́rẹ́. Ó ku ìkẹjọ.

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo gbé! Bí bàálù tuntun bá fẹ́ fò nígbà àkọ́kọ́, wọ́n á fa orúkọ òṣìṣẹ́ kan nínú fìlà, ẹni yẹn ló máa jókòó sẹ́yìn awakọ̀. Àwọn ọ̀gá ní ìyẹn ló ń jẹ́ kí á ṣe iṣẹ́ wa bí ẹni tó máa gùn ún fúnra rẹ̀. Orúkọ tó jáde fún ìkẹjọ: Olive Peckett. Olive tèmi! Tá a ti jọ ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kan láti ọdún tó kọjá, tó ń bu ṣúgà rẹ̀ fún Màmá mi. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀dì ń pàtẹ́wọ́, òun ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni ò pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mi ò sùn.

Ọjọ́rú, 12

Mo ní kí Olive fi àyè yẹn sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ó lejú mọ́ mi. "Kí ló dé, Hilda? Ìlara ló ń ṣe ẹ́ àbí?" Mo ní afẹ́fẹ́ ti le jù. Ó bi mí pé ta ló fi mí jọba ojú ọjọ́. Kò fọwọ́ kan búrẹ́dì rẹ̀ — ayọ̀ ni, mo rò. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀rù Màmá — ta ló máa tọ́jú wọn? Ẹ̀rù Olive lókè yẹn, tí bàálù ò gbọ́ ti awakọ̀ mọ́. Èyí ló wúwo jù.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo ti sọ ọ́. Mo dúró níwájú Imú Tòmátì, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ̀mú mi wà nínú apá ìkẹjọ." Ojú rẹ̀ funfun báláú. Wọ́n fi ọ̀bẹ ya aṣọ apá náà. Ẹ̀mú wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà gan-an. Stobbs gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ka nọ́mbà rẹ̀.

42. Ti Olive ni.

Olive jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Láti ọjọ́ Ajé tí a pa apá náà dé lòun náà ti mọ̀. Òun náà ti fi òmíì dípò. Ó ní ẹ̀rù ọlọ́pàá ò jẹ́ kóun lè sọ̀rọ̀, pé tí bàálù náà bá máa pa awakọ̀, kó kúkú pa òun mọ́ ọn. Ó dì mọ́ mi. "O mọ̀! O mọ̀, o wá gbà á sórí ara ẹ nítorí mi!"

Mo ní rárá, tèmi ṣì sọnù. Wọ́n tú gbogbo ìkẹjọ, kò sí nǹkan mìíràn. Stobbs nawọ́ sí pákó: 41 rèé. Mo ní ti bàbá mi ni, èmi ni mo ha nọ́mbà sí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lọ sinmi, ọmọ mi. Irọ́ yẹn ti tó. Ọ̀rẹ́ bíi tìẹ ṣọ̀wọ́n." Ó ní nítorí tèmi, òun ò ní fi Olive lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Inú apá ìkeje ni ẹ̀mú mi wà. Mo tún lọ bá Stobbs láàárọ̀. Ó ní kí n má mú òun bínú. Mo kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀, mo ya á. Lẹ́tà máa pẹ́, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé àwọn ọmọ ogún ọdún gòkè nínú bàálù yẹn. Ọkọ̀ ojú irin àríwá máa gbéra ní aago méjì. Mo ti sọ fún Màmá pé mi ò mọ ìgbà tí mo máa dé. Ọ̀bẹ tí a fi ń gé aṣọ wà nínú àpò mi. Bí wọn ò bá gbà mí gbọ́ níbẹ̀, èmi fúnra mi ni mo máa ya apá náà lójú wọn.