Ọwọ́ Òsì Ni Mo Fi Kọ Ọ́

Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Turin. Ẹ má bínú pé ìwé mi rí wúruwùru, tí ọ̀rọ̀ mi sì ń fà. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́, mo sì mọ̀ pé a kì í na òsì sí àgbà. Ilẹ̀kùn ló pa mí lọ́wọ́ ọ̀tún. Akínlolú ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ dì í, ó sì bẹ̀ mí títí.

Ẹ̀kọ́ nípa ìwà ènìyàn tí ọkọ mi ń kọ́ ń lọ dáadáa. Ó ní ìbínú ọkùnrin kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀, pé àwọn ará àtijọ́ tó ń jà láti ṣọ́ ìyàwó wọn ló bímọ jù, àwa sì ni ọmọ wọn. Ìdí nìyẹn tí fóònù mi fi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bi í pé, “Bọ̀dá mi, àwọn ìyàwó tó sá lọ nígbà náà ńkọ́? Ṣé wọn ò bímọ ni?”

Ó ní, “Ìwé ò tíì débẹ̀.”

Ọjọ́ yẹn náà ni ilẹ̀kùn pa mí lọ́wọ́.

Ẹ má ronú, yóò dára. Àǹtí Ọlábísí ní yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ àwọn ní Udine, ìlú tó jìnnà síbí. Mo ti ń kó aṣọ mi díẹ̀díẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó mú ìwé yìí wá fún yín.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ọkọ mi ti ń pè mí. Ìyá mi, ó jọ pé ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó tó sá lọ yẹn ló bí wa, torí ẹsẹ̀ èmi náà ti ń yá láti…