Àpáta Ẹ̀yìnkùlé Màmá Ìfọ́n

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá, 2025
Ọ̀gá Òòlù dá iṣẹ́ àṣekágbá mi padà. (Olùkọ́ wo ni òòlù kì í kúrò lápò wọn, kódà ní kíláàsì?) Wọ́n ní mo júwe gíránáìtì Ìlobù dáadáa, àmọ́ níbo ló ti wọ inú òkúta àtijọ́ tó yí i ká? Kí n lọ wá ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé. Gbogbo ibi tí mo wò, ìhà Ìfọ́n ló dorí kọ. Wàhálà dé.

Àìkú, 2
Bàbá bi mí nídìí oúnjẹ pé kí ni mo ń wá gan-an. Mo ní nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ooru a máa yọ́ òkúta. Èyí tó yọ́ a fúyẹ́ ju èyí tó yí i ká, a sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀, bí epo ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀. Ibi tó bá ti sán ló ń gbà. Tiwa kò dé ojú ilẹ̀. Abẹ́lẹ̀ ló dì sí, ó sì pẹ́ kó tó tutù — ìdí nìyẹn tí hóró inú rẹ̀ fi tóbi. Òjò ló wá ń wọ́ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ títí ó fi yọ.

Bàbá ní, "Nínú òun àti òkúta àtijọ́, ta ló kọ́kọ́ débẹ̀? Kí Ìfọ́n má tún gbà á o!" Mo rẹ́rìn-ín. Màámi ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìfọ́n ni wọ́n. Láti ìgbà ìjà ilẹ̀ tó kọjá láàárín Ìlobù tiwa àti Ìfọ́n, wọn ò tíì fojú kan ìyá wọn. Fóònù nìkan. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn débẹ̀.

Ajé, 3
Òjò. Mi ò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 5
Mo fi fọ́tò kan han Màámi: òkúta dúdú tí gíránáìtì gbé mì nígbà tó ń gòkè, tó há sínú rẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní irú rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìnkùlé ilé àwọn, lórí àpáta tí àwọn ti ń sá láfún. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan ni ìyá àwọn máa ń jókòó sí lé adìyẹ, tí wọ́n á sì máa ké sí àwọn pé kí àwọn dìde lórí àpáta, ó gbóná. Wọ́n bá dìde, wọ́n lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Àánú wọn ṣe mí. Mo fẹ́ lọ síbẹ̀. Ju ìyẹn lọ, mo fẹ́ kí Màámi náà lọ.

Ẹtì, 7
Bàbá ti Jímọ̀ dé, mo ní mo fẹ́ lọ Ìfọ́n. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ nìkan?" Màámi ló fèsì láti kíṣìnnì: "Ta ni yóò wá bá a di téèpù mú tó bá ń wọn àpáta?" Màámi yìí! Bàbá gbé iṣu jáde, èyí tó tóbi jù. Wọ́n ní ká bá àwọn kí ìyá ìyàwó àwọn.

Àbámẹ́ta, 8
Ìdájí la jáde. Àṣé Màámi ti pe Màmá, ìyá wọn, lánàá, nítorí ẹ̀yìnkùlé la bá wọn, wọ́n ti gbá àpáta náà mọ́ tónítóní.

Mo rí i, Alhamdulillahi! Gíránáìtì yọ ẹ̀ka wọ inú òkúta àtijọ́ bí ìka ọwọ́, àwọn òkúta dúdú há sí i káàkiri. Mo fa téèpù jáde, mo bojú wẹ̀yìn pé kí Màámi gbà á.

Màámi ti kúnlẹ̀ sórí àpáta. Wọn ò dìde. Ẹkún ni wọ́n ń sun. Màmá fà wọ́n lápá: "Dìde, Àjìkẹ́. Dìde, ọmọ mi, àpáta yìí gbóná."

Oòrùn ò tíì yọ. Mo fọwọ́ kan àpáta náà. Ó tutù.